Ẹsẹ̀ Ọ̀ọ́dúnrún Ènìyàn Nínú Àpótí Kan

Bí ènìyàn bá ní ọmọ tó gbọ́n, kó dúpẹ́. Bó bá ní àna tó gbọ́n, kó dúpẹ́, kó sì máa ṣọ́ra. Ọmọ ẹni, a lè bá a wí kí ilẹ̀ má mì. Àna ẹni, bí ẹni tó ru ẹyin lórí òkúta yíyọ̀ la ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó di Ìyá Oníbàtà lẹ́nu nìyẹn lọ́jọ́ tí ọkọ ọmọ rẹ̀ wá tú kọ̀ǹpútà rẹ̀, díẹ̀ ló sì kù kí ìtìjú àna gba iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàtà tí Ìyá Oníbàtà ń ṣe kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tò sójú fèrèsé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ, ẹni tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gun orí ara wọn, ẹni tí ìjàǹbá ọkọ̀ gé lára gìgísẹ̀ rẹ̀, àwọn ni oníbàárà rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Ẹni tó bá a ṣẹ́kù nínú ṣọ́ọ̀bù ni bàbá tó ń gé awọ, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó máa ń lo awò méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lójú, ọ̀kan níwájú orí. Tún-un-kà ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Orúkọ náà kò ṣàdédé wá. Nígbà tí ọkọ Ìyá Oníbàtà ṣì wà, ọ̀gá akọrin kan wá ṣe bàtà. Bàbá agéawọ gbé ìwé ìwọ̀n, kò wò ó dáadáa, ló bá gé òsì méjì. Wọ́n rán an, wọ́n kùn ún, ó ń dán bí ojú ọmọ tuntun. Ọ̀gá akọrin wọ̀ ọ́, ó ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń yà sápá òsì bí kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ jò. Ó padà wọlé, ó ní òun kò bínú o, ṣùgbọ́n òun á fẹ́ mọ ẹni tó ni ẹsẹ̀ kejì. Láti ọjọ́ náà ni ṣọ́ọ̀bù ti ní òfin. Ẹni tó bá di ọ̀bẹ mú kò gbọdọ̀ fi kan awọ títí yóò fi ka ohun tó wà lórí ìwé sókè, tí ẹlòmíràn yóò sì dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹni tó sì ṣẹ̀ náà ló wá di olórí òfin, nítorí ẹni tí iná ti jó rí ló mọ ibi tí omi wà. Kódà bó o bá fẹ́ gé okùn bàtà lásán, bàbá á ní, "Kà á." Bó o bá kà á tán, á ní, "Tún un kà."

Kọ̀ǹpútà wọn kékeré ni. Kò ju páálí bàtà ọkùnrin lọ, àárín àwọn páálí bàtà tòótọ́ ló sì wà lórí pẹpẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà kan ti gbé e rí pé òun fẹ́ wo àwọ̀ èyí tó wà nínú rẹ̀. Àwo dígí kan wà nílẹ̀ tí oníbàárà máa ń tẹ̀, òun ló ń ya àwòrán ẹsẹ̀ láti abẹ́ àti láti ẹ̀gbẹ́, tó sì ń kó o ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹsẹ̀ ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ó lé méjìlá ló wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ti kó lọ sí ọ̀nà jíjìn, tẹlifóònù lásán ni wọ́n fi ń béèrè bàtà, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn wà nílé Ìyá Oníbàtà. Tẹ́lẹ̀, páálí ni wọ́n máa ń ya ẹsẹ̀ sí. Páìpù omi kan bẹ́ lókè àjà lọ́dún kan, gbogbo páálí náà di ẹrẹ̀. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà nìkan ló ṣẹ́kù láyé. Ó ti ní òun á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n "màá ṣe é" ni ẹ̀gbọ́n "mi ò tíì ṣe é", ilé kan náà ni wọ́n sì ń gbé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ni nọ́ọ̀sì kan wọlé. Oníbàárà àtijọ́ ni. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fi ìka méjì kúrú sí ọ̀tún, ó sì ti pẹ́ tó wọn ẹsẹ̀ kẹ́yìn. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ lápá kan, ìbàdí sì ti ń ro ó. Ó ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni òun máa bẹ̀rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tuntun, níbi tí èèyàn ti ń wà lórí ìdúró láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá Oníbàtà ní kó tẹ dígí. Dígí ya àwòrán. Kọ̀ǹpútà ní kò sí ààyè mọ́. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ, nọ́ọ̀sì sì dúró gbagidi lórí dígí bí ẹni tó ń retí kí fọ́tò yà.

Ìyá Oníbàtà ní kó padà wá ní Ọjọ́bọ̀ ní agogo mẹ́rin. Nígbà tó lọ tán, ó ṣí àkọsílẹ̀ àwọn ẹsẹ̀, ó ń wá ẹni tó lè yọ kúrò. Ó rí ọkùnrin kan tó ti di olóògbé. Ó ronú pé òkú kò wá bàtà. Ó tún rántí pé ọmọ ọkùnrin náà jogún ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ bí ẹni jogún ilé, àti pé ara ti bàbá ni wọ́n ti ń wo ti ọmọ. Ó fi í sílẹ̀. Ó bọ́ sórí ẹlòmíràn, ó tún fi í sílẹ̀.

"Ta ni ká lé jáde báyìí?" ló bi Tún-un-kà.

"Bí ilé bá kún, kì í ṣe ẹjọ́ ayálégbé," ni bàbá wí. "Ẹ kọ́ yàrá kún un."

Ó tẹ ọmọ rẹ̀ obìnrin láago. Ọmọ ní kí ló dé tí wọ́n ń da ara wọn láàmú, ṣebí ọkọ òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà gbogbo ọ́fíìsì wọn, yóò wá fi dísíìkì kejì sí i. Inú Ìyá Oníbàtà dùn, àyà rẹ̀ sì já díẹ̀. Kò tíì ju oṣù mẹ́jọ lọ tí wọ́n ṣègbéyàwó. Ọkùnrin náà ò tíì bá a jókòó ju ìjókòó ìkíni ṣókí lọ. Ìyá kò mọ̀ bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́, kò mọ̀ bó ṣe máa ń bínú.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àna dé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ta gẹ́ngẹ́, ó fi okùn gbé fíláàṣì kọ̀ǹpútà kọ́ ọrùn bí àmì ẹ̀yẹ. Ó kí ìyá ìyàwó rẹ̀ bí àna ṣe ń kí àna, ó kí Tún-un-kà, ó tú àpò rẹ̀. Dísíìkì tó mú wá pẹlẹbẹ, kò ju ṣíngọ́ọ̀mù kan lọ. Ìyá Oníbàtà béèrè bí èyí á ṣe gba ẹsẹ̀ ènìyàn, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tó àtàǹpàkò.

"Mà, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta gígábáìtì ni ìwọ̀n ààyè inú ti àtijọ́," ni àna wí. "Ẹgbẹ̀rún méjì ni èyí. Ìlọ́po mẹ́rin."

Ẹ fi ìwọ̀n méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí Ìyá Oníbàtà fi wọ́n sọ́kàn.

Ó wá béèrè, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, pé ṣé kò ní dáa kí wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn ẹsẹ̀ náà síbì kan kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Àna ní kò sí wàhálà, òun ò ní fọwọ́ kan dísíìkì àtijọ́ rárá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lòun máa fi tuntun sí. Ogójì kọ̀ǹpútà lòun ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ́dún tó kọjá. Bó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ìyá á ní, jókòó síbẹ̀, ṣe ohun tí mo ní kó o ṣe. Ṣùgbọ́n àna ni. Ó ní, "Ẹ ṣeun, àna mi," ó sì gbé ọ̀rọ̀ mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àna yọ gbogbo wáyà, ó tú nọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn, ó fa ìdérí sẹ́yìn, àpótí sì là. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé irin àpótí náà, ó dúró díẹ̀. Tún-un-kà bi í bóyá ó ń kí i ni. Ó ní iná mànàmáná kékeré máa ń wà lára èèyàn, ó yẹ kí òun sọ ọ́ kalẹ̀ sára irin kó má bàa ba inú kọ̀ǹpútà jẹ́. Bàbá ní ọ̀rọ̀ yẹn dáa, ó yẹ kí àwọn oníbàárà kan máa ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Dísíìkì àtijọ́ wà nínú férémù irin kan, wáyà méjì so mọ́ ọn. Àna tú férémù náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìyọ wáyà rẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ihò tín-ín-rín kan wà lára pátákó kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni kò lò rí, eruku ọdún mẹ́fà sì ti sùn síbẹ̀. Ó fẹ́ eruku kúrò. Ó fi dísíìkì tuntun há ihò náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló ń dì í mú, nọ́ọ̀tì tí kò tó hóró ọkà bàbà. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀tì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú àpótí.

Tún-un-kà ti gbé irin tó ń fa ìṣó wá, èyí tí wọ́n fi ń ṣa ìṣó nílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Àna na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dá màlúù dúró, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e súnmọ́ dísíìkì àtijọ́ yẹn, yóò bà á jẹ́." Bàbá dá irin rẹ̀ padà, ó ń kùn pé òun ò mọ̀ pé ọba ló wà níbẹ̀. Wọ́n gbé àpótí náà, wọ́n dà á lápá kan, wọ́n gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́, nọ́ọ̀tì sì yí jáde sórí tábìlì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àna dè é, ó dá férémù padà, ó so àwọn wáyà ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà padà. Òógùn ti yọ níwájú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníbàtà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí mí.

Ohun tó kù ni kó tún dísíìkì tuntun náà ṣe. Oko tuntun, wọn kì í gbin nǹkan sí i láìro ó. Èèyàn á kọ́kọ́ ro ó, á kọ ebè, kó tó mú irúgbìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni dísíìkì. Ibi tí wọ́n bá sì ro, ohunkóhun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò ní padà wá. Bí àna bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ọ́fíìsì, kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ jí. Fíláàṣì ọrùn rẹ̀ ló fi ń jí i, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ó tàn án, ojú dúdú kan sì yọ tó ní lẹ́tà funfun.

Dísíìkì mẹ́ta ló tò síbẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n: òdo, ení, èjì. Èjì ni fíláàṣì, kò sẹ́ni tó ń bá a jà. Nínú ogójì kọ̀ǹpútà tí àna ti ṣe, ẹni tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ ló máa ń jẹ́ òdo, àlejò a sì jẹ́ ení. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà náà, bí ẹsẹ̀ ṣe mọ ọ̀nà odò. Ó yan ení. Ó yan ibi tí wọ́n ti ń ní kó ro gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè yọ pé ṣé ó dá a lójú. Ìka rẹ̀ sì ti wà lórí bọ́tìnì.

"Kà á," ni Tún-un-kà wí láti orí àpótí tó jókòó lé.

Àna rẹ́rìn-ín. "Bàbá, èyí kì í ṣe awọ."

"Mo mọ̀. Awọ, a lè lẹ̀ ẹ́. Kà á."

Àna wo ìyá ìyàwó rẹ̀ pé kó gba òun lọ́wọ́ àgbà yìí. Ìyá Oníbàtà wo ilẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ á parí, àna òun á tẹ bọ́tìnì rẹ̀, iyì rẹ̀ á sì wà lára rẹ̀. Ó tún wo páálí bàtà tó tò yí wọn ká. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Àna mi, ẹ má bínú," ló wí. "Òfin ṣọ́ọ̀bù ni. Èmi gan-an máa ń kà á."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó wọ bàtà ọmọdé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà, ohùn rẹ̀ ń sáré, ó kàn ń kà á kó lè parí ni. "Dísíìkì ení. Ẹ óò ro gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta..."

Ohùn rẹ̀ dúró.

"Tún un kà," ni bàbá wí.

Kò tún un kà. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó rí ejò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka rẹ̀, ó sì gbé e sórí itan. Ẹ kò lè pe ìwọ̀n níwájú obìnrin tó ti ń wọn ẹsẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún kó má mọ èyí tó yàtọ̀. Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni ti àtijọ́. Ẹgbẹ̀rún méjì ni tuntun. Ìyá Oníbàtà ti mọ̀ kí ọkùnrin náà tó dákẹ́. Ó wá ibi tó jókòó sí, orí àpò àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ló bá ara rẹ̀.

Àna jáde kúrò nínú ìbéèrè náà láìdáhùn rẹ̀. Ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ó lè purọ́. Ó lè ní iná ló ṣe ségesège, tàbí pé òun kàn ń dán an wò ni. Àwọn méjèèjì ì bá gbà á gbọ́, tàbí kí wọ́n ṣe bí ẹni gbà á gbọ́. Nígbà tó yíjú padà, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Mà, ti àtijọ́ ni mo fẹ́ pa rẹ́," ló wí. "Ihò tí mo fi tuntun sí ni kọ̀ǹpútà yìí kọ́kọ́ ń kà, ó wá fi àlejò ṣe òdo. Mi ò wo ìwọ̀n. Nọ́ńbà ni mo wò. Bí bàbá ò bá sọ̀rọ̀, gbogbo ẹsẹ̀ yẹn ì bá ti lọ."

Tún-un-kà dìde níbi tó jókòó sí, ó wá dúró tì í.

"Èmi, òsì méjì ni mo gé," ni Tún-un-kà wí. "Ọmọ mi, káàbọ̀."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Ìyá Oníbàtà, kó tó mọ̀ pé omi ti wà lójú òun. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìgbáyà mú. Ó ní òun ti ń bẹ̀rù láti àárọ̀ bí òun ṣe máa bá àna òun sọ̀rọ̀ kí ó má bínú, àṣé ìbẹ̀rù yẹn gan-an ló yẹ kí òun bẹ̀rù. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ kò tíì gbọ́ títí di òní.

"Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń wò yín. Òní ni mo mọ ẹni tí mo fi ọmọ mi fún. Ẹni tó bá lè ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì í, ọkàn mi balẹ̀ sí i."

Àna dorí kodò. Ó ní òun fúnra òun ló máa ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó òun. Tún-un-kà ní kó má ṣe ìyọnu, òun á bá a sọ ọ́, òun á kàn fi díẹ̀ kún un ni.

Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí bọ́tìnì kan tí àna tẹ̀ láìkà á sókè, Ìyá Oníbàtà sì ń dá a lóhùn. Dísíìkì òdo. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹgbẹ̀rún méjì. Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Tún-un-kà mú kí ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kà á. Ó ro oko tuntun, ó kọ ebè rẹ̀. Nígbà tó yọ fíláàṣì, tí kọ̀ǹpútà sì fúnra rẹ̀ jí, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó kó ẹ̀dà gbogbo ẹsẹ̀ sí dísíìkì tuntun. Bí ọ̀kan bá wá ṣàìsàn lọ́la, èkejì á wà. Ó gba ẹfun tí wọ́n fi ń sàmì sára awọ, ó kọ "Àgbà ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, àbúrò ní ẹgbẹ̀rún méjì" sí ìdérí àpótí lóde, kí ẹni tó bá tún máa ṣí i lọ́jọ́ iwájú má bàa fi nọ́ńbà nìkan mọ̀ wọ́n.

Wọ́n ka àwọn ẹsẹ̀ náà. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ló pé síbẹ̀. Ìyá Oníbàtà ní kí wọ́n ṣí àkọ́kọ́ wò, kí ojú òun rí i. Ọ̀gá akọrin ni. Àwòrán ẹsẹ̀ méjèèjì yọ, Tún-un-kà gbé awò kejì láti iwájú orí sójú, ó tẹ̀ mọ́ ọn.

"Ọ̀tún," ló wí. Ó dúró díẹ̀. "Òsì. Ọlọ́run ṣeun."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé ní agogo mẹ́rin, kò mọ ìdí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi kí i bí ẹni tó ti ìrìn àjò ọdún mẹ́wàá dé. Ó tẹ dígí. Kọ̀ǹpútà gbà á láìjanpata. Àna tó yẹ kó ti lọ láti ọ̀sán ò tíì lọ. Ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó gba ìwé ìwọ̀n, ó dúró ti Tún-un-kà nígbà tó gbé ọ̀bẹ.

"Ẹsẹ̀ òsì," ni ọkùnrin náà kà. "Kó fi ìka méjì ga ju ọ̀tún."

"Tún un kà."

Ó tún un kà, kò sáré.

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, nọ́ọ̀sì wọ bàtà náà níwájú wọn. Ó rìn láti ibi pẹpẹ títí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró síbẹ̀, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ó ní ìbàdí òun dákẹ́. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sí ìgboro, Ìyá Oníbàtà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo gìgísẹ̀ méjèèjì bí wọ́n ṣe ń lọ ní ọgbọọgba, títí wọ́n fi yà ní ìkóríta.